Epo Tó Gbẹ Lápá Òsì

Ọ̀rọ̀ tó wà láàrin Kápẹ́ńtà àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n lè pe ẹbí jọ lé lórí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ẹbí pé ọ̀rọ̀ kankan wà ńlẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á kí ara wọn. Bí ọkùnrin náà bá dápàárá, Kápẹ́ńtà á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá jókòó sídìí tábìlì nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kápẹ́ńtà gan-an ló máa ń na ife omi sí i, tá á tún bi í pé, "Bọ̀dá, ṣé ó tó?" Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ lásìkò yẹn á ní ọmọ yìí mà gbẹ̀kọ́ o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ń hó bí omi orí iná, àti pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń dúró dè.

Obìnrin ni Kápẹ́ńtà o, kí ẹ má baà ṣì í gbọ́. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ igi, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí eruku igi ti bo gíláàsì fèrèsé rẹ̀ débi pé àtàárọ̀ ni wọ́n ti ń tan iná. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Òun ló fi ń fa ayùn, òun ló fi ń kan ìṣó. Àwọn oníbàárà a máa wò ó tìyanu-tìyanu, bàbá á sì bá a fèsì. Bàbá á ní, "Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Tèmi yìí, ọwọ́ òsì ló fi ń kan àga ilé bàbá ẹ̀. Èwo nínú yín ni ọwọ́ ọ̀tún ọmọ ẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀?"

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ tó fi ń fárí lọ, ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ á ti rẹ́rìn-ín tán kí irun tó kúrò lórí. Òun náà, ọlọ́wọ́ òsì ni, bó sì ṣe di pé ó fa àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọnú eré bólíìnì nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó ń dán bíi díńgí, kòtò wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, igi mẹ́wàá sì tò sí òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀lù wíwúwo kan tó ní ihò ìka ni wọ́n ń yí lọ láti fi wó wọn. Ó rọrùn lójú. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni epo. Ẹ̀rọ kan ló máa ń fọn epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú pákó náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, epo yẹn ló sì ń darí ohun gbogbo. Níbi tí epo bá wà, bọ́ọ̀lù á yọ̀ lọ tààrà. Níbi tó bá ti gbẹ, bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ yí á di pákó mú, á sì kọ́ wọlé bí ìwọ̀ ẹja.

"Àbúrò, wo epo kó o tó wo igi," ohun tí onígbàjámọ̀ máa ń sọ fún un nìyẹn. "Tí epo bá pọ̀, bọ́ọ̀lù tí ara ẹ̀ ti ṣá ni kó o gbé, èyí tí wọ́n fi sánpépà ha, kó lè rí pákó dì mú. Tí epo bá tín-ín-rín, èyí tó ń dán ni kó o gbé, kó má baà yára kọ́. Tó o bá ṣì í gbé, ọwọ́ ẹ ì báà dáa bíi ti áńgẹ́lì, kòtò lò ń lọ."

Ó kọ́ ọ dáadáa. Òótọ́ ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún là á lóye pé Ọlọ́run fẹ́ràn ọlọ́wọ́ òsì nínú eré náà. Àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún pọ̀ bí eṣú, apá ọ̀tún pákó ni gbogbo wọn ń gbà, bọ́ọ̀lù wọn á sì máa gbá epo ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ọ̀nà á fi gbẹ. Apá òsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń débẹ̀. Bí wọ́n ṣe fọn epo ibẹ̀ náà ló ṣe máa ń wà. "Bí ẹni tó ní títì tara ẹ̀ ni," onígbàjámọ̀ á wí, á sì fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀.

Kò rò ó nígbà náà pé ọlọ́wọ́ òsì ti di méjì lórí títì kan.

Ọdún tí rọpárọsẹ̀ dá bàbá jókòó sórí àga onítáyà ni ìlú fẹ́ yan àwọn tó máa lọ bá ìlú mìíràn díje. Àyè ẹnì kan ló kù. Onígbàjámọ̀ ń wá a, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó mọ̀ pé bóyá ni òun tún máa rí irú rẹ̀. Kápẹ́ńtà náà ń wá a. Bàbá ní dandan, àwọn á lọ wo ọmọ àwọn. Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ ló ti àga náà wọnú gbọ̀ngàn, ó fi aṣọ bò wọ́n lẹ́sẹ̀, ó gbé wọn síbi tí wọ́n á ti ríran.

Gbọ̀ngàn àjèjì ni. Onígbàjámọ̀ nìkan ló ti lọ dán ibẹ̀ wò ṣáájú. Nígbà tí Kápẹ́ńtà bi í léèrè, kò tiẹ̀ ronú kó tó fèsì. "Epo pọ̀ níbẹ̀ bí òjò," ó ní. "Èyí tí ara ẹ̀ ṣá ni kó o gbé. Má wulẹ̀ gbé méjì, o ṣì máa ti Bàbá."

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló gbé lọ. Bọ́ọ̀lù yẹn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó ti ṣẹ́rí, ó gba iwájú àwọn igi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, ó sì bọ́ sínú kòtò òdì kejì. Ó sún ẹsẹ̀. Ó jù ú le sí i. Ó dín bó ṣe ń fọwọ́ yí i kù. Pàbó ló já sí, ojú pákó gbẹ bí eegun. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lákọ̀ọ́kọ́ sínú ọwọ́, lẹ́yìn náà síta gbangba. Bàbá ń fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lu itan, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un lọ́nà tó ṣẹ́ kù fún wọn, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Nígbà tó kan onígbàjámọ̀, ó mú bọ́ọ̀lù dídán jáde nínú báàgì, ó rọra yí i lọ. Òun ni wọ́n fún láyè náà.

Kápẹ́ńtà kò fura. Ó rò pé ọkùnrin náà rí bí nǹkan ṣe lọ fún òun ló fi pààrọ̀ bọ́ọ̀lù. Ìgbà tó ti bàbá dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí onígbàjámọ̀ kò tíì ti gbọ̀ngàn dé, tó lọ mú ìgbálẹ̀ láti gbá omi tó dà sílẹ̀, ló rí báàgì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Bọ́ọ̀lù tí ara ẹ̀ ṣá ni, bọ́ọ̀lù onígbàjámọ̀. Kò kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ní epo pọ̀ bí òjò ti fi bọ́ọ̀lù òjò sílé, ó mú ti ọ̀gbẹlẹ̀ dání, látàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ju nǹkan kan.

Ó dúró síbẹ̀, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó fẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóyún sínú nígbà yẹn, dókítà sì ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí nǹkankan dà á láàmú. Ó gbá omi náà, ó sì gbé ìgbálẹ̀ padà síbi tó wà.

Bàbá kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ara wọn kò fẹ́ gbé e mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ ọmọ wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kápẹ́ńtà wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oògùn nínú ṣíbí. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn, pé, "O ṣé o. O gbìyànjú lórí ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni kò gbà á, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀. "Kò tọ́pẹ́, Bàbá," ó ní.

Kò tọ́pẹ́! Gbolóhùn yẹn ni Kápẹ́ńtà gbé sínú. Bó bá ń fá igi, ó ń gbọ́ ọ nínú ìró ohun èlò. Bó bá ń sùn, ó ń gbọ́ ọ. Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà, ó sì ti pinnu pé òun lòun máa yọ èyí síta, níbi tí wọ́n ti ṣe é, lọ́nà tí wọ́n gbà ṣe é.

Gbọ̀ngàn kan wà ní òdì kejì ìlú, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí onígbàjámọ̀ kì í dé. Ibẹ̀ ló ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ńṣe ló ń yí bọ́ọ̀lù, á wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, nígbà tó bá sì padà dé, á fi ìka tọ́ òrùka epo tó wà lára rẹ̀ wò. Òrùka tó nípọn ń sọ fún un pé epo ṣì wà lọ́nà. Bí òrùka bá ń tín-ín-rín, ọ̀nà ti ń gbẹ. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sún ẹsẹ̀ díẹ̀ dípò kí wọ́n máa fi agbára jà. Ó kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kó lè lọ tààrà, àti bó ṣe ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó lè yí. Sánpépà kò ṣàjèjì sí i, ó mọ ohun tí èyí tó le ń ṣe sí ara nǹkan àti ohun tí èyí tó rọ̀ ń ṣe. Ìbínú ni olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ tí kì í gba ìsinmi.

Níbẹ̀ náà ló ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti ha dáadáa, bí wọ́n bá ń yí i gba ojú kan náà léraléra, á fa epo ibẹ̀ mu bíi fóòmù. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn, tó gbọ́kàn lé epo yẹn, ti dáràn. Ọjọ́ tó rí èyí, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fi táwẹ́ẹ̀lì nu bọ́ọ̀lù rẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì sì dúdú fún epo. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì í sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀.

Ọdún ń yí lu ọdún. Onígbàjámọ̀ gba ife ẹ̀yẹ gbọ̀ngàn àdúgbò wọn léraléra, ó tò wọ́n sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàrin ìgò ọṣẹ àti páúdà. Ó ra bọ́ọ̀lù tuntun kan, olówó gọbọi, aláwọ̀ pupa, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún epo púpọ̀, tó ń bu pákó jẹ. Ìyàwó Kékeré ló sọ ọ́. Ó ń fi aṣọ onírun nù ún, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, á dé láti ibi iṣẹ́, á bá a nídìí rẹ̀, á ní, "Ẹ kú orogún o." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Kápẹ́ńtà náà á rín tirẹ̀.

Nígbà tó rí i pé ó tó àsìkò, ó forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ife náà. Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un nídìí tábìlì. "Àbúrò mi! O padà wá! Mo ti rò pé ẹ̀rù pákó ti bà ẹ́ kú."

"Mo kàn fẹ́ ṣeré ni, Bọ̀dá," ó ní.

Ó na gbogbo àwọn tí wọ́n fi pàdé rẹ̀. Onígbàjámọ̀ náà na àwọn tirẹ̀. Ó wá ku àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà gba Kápẹ́ńtà síṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn láti tún àwọn ìjókòó èrò ìwòran tó ti ń yẹ̀ ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń fún skúrù nígbà tí wọ́n ń ti ẹ̀rọ epo kọjá lórí pákó. Ó rí i bí epo náà ṣe ń kọ mànà, kíki ló ki. Fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Àbúrò, ìwọ lo wà níbẹ̀. Báwo lepo ṣe rí?"

Kápẹ́ńtà gbé skúrù sílẹ̀. Irọ́ ti dé ètè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "ó gbẹ," ọkùnrin náà á sì mú bọ́ọ̀lù dídán dé, á wá máa yọ̀ kiri níwájú gbogbo èèyàn bí ẹni tó tẹ ọṣẹ. Ó dọ́gba. Ojú fún ojú ni. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí òun bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì á jọ di onírọ́, ọkùnrin náà á sì rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá jáde. Kò fẹ́ kó rí nǹkan kan dì mú.

"Epo pọ̀, Bọ̀dá," ó ní. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn ọ́n ni. Ìyàwó Kékeré ni kẹ́ ẹ gbé wá."

"Ọmọ dáadáa!" onígbàjámọ̀ wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ fún un.

Gbọ̀ngàn kún lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàtà ń dún gbì-gbì, àwọn ọmọdé ń já ìpápánu, iná ojú pákó ń tàn yòò. Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà jókòó síwájú, jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. "Èmi ò mọ ẹni tí màá hó fún o," ó ń sọ fún àwọn tó wà nítòsí. "Ọ̀kan ọkọ mi, ọ̀kan àbúrò mi."

Eré méjì ni wọ́n máa ṣe lójú pákó kan náà, wọ́n á sì ro ó pọ̀. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ọba. Ìyàwó Kékeré yọ̀ kọjá lórí epo, ó gba orí èkejì láti apá òsì nínú àwọn àmì ọfà tí wọ́n kùn sójú pákó, ó dé ọ̀hún, ó kọ́ wọlé, ó kó gbogbo igi lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Àwọn èèyàn hó yèè.

Kápẹ́ńtà gbé bọ́ọ̀lù tí ara ẹ̀ ṣá. Ó ti fi sánpépà tó le ha á ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kó tó wá, nítorí òfin kò gbà pé kí wọ́n ha á lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó yí i gba orí àmì ọfà kejì láti apá òsì, gẹ́lẹ́ níbi tí ti ọkùnrin náà gbà. Igi mélòó kan ṣẹ́ kù. Ó padà jókòó, ó fi táwẹ́ẹ̀lì nu epo ara bọ́ọ̀lù náà kúrò, ó nù ún débi pé ó gbẹ.

"Ẹ wò ó, ó tún gbé bọ́ọ̀lù ìjọ́sí dé!" onígbàjámọ̀ kígbe fún èrò. "Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ báyẹn o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín ìjọ́sí náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, etí Kápẹ́ńtà gbà á bí omi tútù.

Ó ń yí i gba ibẹ̀. Kò wá igi. Bó bá rí igi wó, ó dáa. Bí kò bá rí, ọ̀nà ṣáà ti ń gbẹ. Léraléra, ojú kan náà, bí ẹni ń fi ojú ayùn tọ ilà kan ṣoṣo. Táwẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ dúdú, ó mú èkejì. Onígbàjámọ̀ ló borí nínú eré àkọ́kọ́, àlàfo tó wà láàrin wọn sì fẹjú dáadáa. Ó lọ gba ọwọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó fẹnu ko Ìyàwó Kékeré.

Nínú eré kejì, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ kọ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Igi méjì ṣẹ́ kù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí eyín arúgbó. Ó wo ìka rẹ̀ bíi pé ìka ló jẹ̀bi. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e tètè kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gba iwájú igi kọjá. Ó sún ẹsẹ̀ sí àárín. Epo ṣì wà níbẹ̀, nǹkan sì gún fún ìgbà díẹ̀. Kápẹ́ńtà náà sún ẹsẹ̀ sí àárín, ó gbé bọ́ọ̀lù tó ṣá náà gba ibi tuntun yẹn. Ó tún sún. Ó tún tẹ̀ lé e. Kò sí ibi tó lọ tí kò rí i lẹ́yìn ara rẹ̀.

Òógùn bọ́ sójú onígbàjámọ̀. Ìyàwó Kékeré, tí wọ́n ṣe láti bu pákó jẹ, ti wá rí pákó gbígbẹ, ó sì ń bù ú jẹ bí ajá tí wọ́n tú sílẹ̀. Bó ṣe ń jù ú le tó, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣì í jù. Kò sí bọ́ọ̀lù mìíràn nínú báàgì rẹ̀. Láti ọdún tó ti ń gba ife níbẹ̀, apá òsì kò gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, kí ló fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Ó yíjú sí ọ̀gá gbọ̀ngàn. "Epo yín ti tán! Ẹ wá wò ó!"

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lò ó," ọ̀gá náà dáhùn. "Ẹ máa ṣeré yín."

Ìgbà yẹn ni Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀, ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kejì jáde. Ó ń dán gbinrin. Onígbàjámọ̀ rí i. Ó wo bọ́ọ̀lù náà, ó wo pákó, ó wo àwọn táwẹ́ẹ̀lì dúdú tó wà lórí ìjókòó. Kápẹ́ńtà ń wò ó bó ṣe ń yé e, díẹ̀díẹ̀, láti ojú wá sí àgbọ̀n. Kò tíì jẹ ohunkóhun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó jù ú pẹ̀lú eré, ó rọra yí i díẹ̀ báyìí. Bọ́ọ̀lù dídán gba ọ̀nà gbígbẹ lọ bí ẹni tí wọ́n ti ń retí nílé. Gbogbo igi wó lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Àlàfo tó fẹjú ń kojú pọ̀, ó pàdé, ó sì ré kọjá. Nígbà tó fi máa ku bọ́ọ̀lù kan, kò tiẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ti ń dìde. Ó ní kí wọ́n dúró ná. Ó ju èyí náà, gbogbo igi wó, kó má baà sí ẹni tó máa sọ lọ́la pé díẹ̀ ló fi jù ú lọ.

"O sọ fún mi pé epo pọ̀!" ohùn onígbàjámọ̀ gba gbogbo gbọ̀ngàn kan. "O tàn mí!"

"Epo pọ̀ nígbà tí mo sọ ọ́," Kápẹ́ńtà dáhùn. Kò pariwo. "Òótọ́ ni mo sọ fún yín, Bọ̀dá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní epo pọ̀ bí òjò lọ́jọ́ tí Bàbá wá wò mí, kí lẹ sọ?"

"Ọjọ́ wo? Ọ̀rọ̀ ijọ́hun..."

"Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo ti rí bọ́ọ̀lù yín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀. Ẹ fi èyí tó ṣá sílé látàárọ̀, ẹ wá ní kí n gbé tèmi. Bàbá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kú. Ẹ ní kò tọ́pẹ́. Ẹ ò purọ́ níbẹ̀ yẹn ṣá."

Ẹ̀gbọ́n Kápẹ́ńtà dìde. Ó wo ọkọ rẹ̀ pẹ́, pẹ́, ó ń retí kó ní irọ́ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀ lórí ìjókòó, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ọmọ sùn, ó sì jáde.

Kápẹ́ńtà bá a níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ife ẹ̀yẹ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun mú un dání.

"O mọ̀ látọjọ́ yẹn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Mo mọ̀, Àǹtí mi."

"Ò ń jẹun nílé mi. Ò ń bu omi fún un."

"Ẹ lóyún nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe yín."

"Mo bímọ tán. Ọmọ ti ń lọ síléèwé." Ojú rẹ̀ gbẹ, ó le. "Ohun tó ṣe kò dáa, èmi àti ẹ̀ á jọ sọ ọ́ nílé, kò ní sùn lónìí. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ká ní o sọ ọ́ kí Bàbá tó kú, wọn ì bá má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ì bá mọ̀ pé ọwọ́ ẹ gbà á. O fi í pamọ́ kó lè dùn dáadáa lọ́jọ́ tó o bá máa jẹ ẹ́."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kápẹ́ńtà ti fi to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, kò to ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ mọ́tò, ó wà á lọ, ó sì ku òun nìkan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un, ó sì gún un jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, ayọ̀ inú rẹ̀ kò tìtorí ẹ̀ kú. Àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀ bí ayálégbé tí kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbé ìpè rẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń gbé wá bá a: onígbàjámọ̀ ti kó àwọn ife kúrò lórí pẹpẹ, onígbàjámọ̀ ti ń gẹrun láìsọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ń bi í bóyá eyín ń dùn ún. Ọmọ kékeré ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà wá, ó ní ìyá òun ní kí òun wá wo àǹtí, ó sì bá igi gígé ṣeré títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́nu ọ̀nà bó bá wá mú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọlé. Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnì kejì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni onígbàjámọ̀ wá. Ó bọ́ fìlà. Kápẹ́ńtà ń fa ilà sára pákó, kò gbójú sókè.

"Àbúrò."

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Ẹ má jókòó síyẹn, ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ." Gbogbo àga tó wà níbẹ̀ ni ọ̀dà wọn kò tíì gbẹ. Ó dúró.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ọkùnrin náà wí nígbà tó yá. "Mo rí i pé o ti dáa jù mí lọ. Mo ní bí àyè náà bá lọ lọ́dún yìí, kò ní padà wá bá mi mọ́. Mo rò pé ọdún tó ń bọ̀ lo máa gbà á, ọmọdé ni ẹ́, àyè ẹ ṣì pọ̀. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ò ní..." Ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Nígbà tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi ò gbà á. Jọ̀ọ́. Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ tún un sọ," Kápẹ́ńtà wí.

"Ẹ̀n?"

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí."

Ó tún un sọ, ó dúró láàrin eruku igi, fìlà lọ́wọ́. Ó dárúkọ bọ́ọ̀lù náà, ó dárúkọ ilẹ̀kùn, ó dárúkọ òjò tí kò rọ̀. Nígbà tó parí, òógùn ti bò ó bíi tọjọ́ ìdíje. Kápẹ́ńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀ dópin, kò já a lu.

"Mo ti gbọ́," ó ní.

Onígbàjámọ̀ ń retí gbolóhùn tó kù. Ó sún ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún fà á sẹ́yìn. Kápẹ́ńtà gbé pákó náà sórí tábìlì, ó wo ilà tó fà bóyá ó gún, ó sì fọwọ́ òsì tan ayùn oníná.